Kọ̀ǹpútà Kan, Ojú Mẹ́rin

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Agége, ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù kì í ṣe ariwo, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀pọ̀ èrò. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé èdè mi ni wọ́n ń sọ, síbẹ̀ àlejò ni mo jẹ́ láàrin wọn. Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní apá ibi tí àwọn Faransé ti ṣèjọba. Kétu sún mọ́ Èkó ju bí Ìlọrin ti sún mọ́ ọn lọ. Irú orúkọ kan náà ni a ń sọ ọmọ, irú oríkì kan náà ni a sì fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ṣùgbọ́n ààlà kan wà láàrin wa, àwọn tí ó sì fà á kò bi àwọn baba wa léèrè kí wọ́n tó fà á.

Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, mo lọ ra kẹrosíìnì nítòsí ilé. Obìnrin tí ń tà á gbọ́ ohùn mi, ó gbé ojú sókè.

"Àǹtí, ará ibo ni yín? Ẹ ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń kọrin."

"Ará Kétu ni mí."

"Ti ọ̀nà Ìkòròdú níbí?"

"Rárá o. Kétu ti Alákétu, lódìkejì ààlà."

"Ẹn-ẹ́n! Ará Kútọnu! Kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ?"

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Àǹtí Kútọnu ní gbogbo òpópó wa. N kò gbé Kútọnu rí láyé mi. Mo ṣàlàyé fún ènìyàn díẹ̀, ó rẹ̀ mí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn sí i.

Iṣẹ́ akọ̀wé tí ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé ni mo ń ṣe nílé. Àjàṣẹ́, olú ìlú wa, ni mo ti kọ́ ọ, lórí ẹ̀rọ kan tí ó wúwo bí ọlọ, mo sì fi ṣe iṣẹ́ ìjọba títí di ìgbà tí ìjọba wa kò rí owó oṣù san mọ́. Nígbà tí oṣù ń gorí oṣù tí ọwọ́ wa ṣófo, mo di ẹrù mi. Ìyá mi dúró sí ẹnu ọ̀nà. Kò sunkún, kò sì ṣe àdúrà gígùn. Ohun tí ó sọ ni pé, "Nílé níbí, bí o bá fẹ́ ṣìnà, àwọn tí yóò pè ọ́ padà pọ̀. Ní ìlú onílùú, ta ni yóò pè ọ́?"

Mo gbé ìbéèrè náà dání kọjá ibodè. Òun nìkan ni àwọn aṣọ́bodè kò tú wò nínú ẹrù mi.

Oregun ni mo ti rí iṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe korobá oníke. Bí korobá bá ti ń jáde nínú ẹ̀rọ pẹ̀lú ooru rẹ̀, èmi yóò fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ gé àpọ̀jù ike tí ó yọ ní etí rẹ̀, n ó sì gbé e sórí òkìtì. Kásúà ni wọ́n ń pe irú wa. Lówùúrọ̀ a ó tò sí ẹnu géètì, ọ̀gá géètì yóò sì máa na ìka sí wa: ìwọ, ìwọ, ìwọ. Ìgbà Sáàpù ni, nígbà tí owó náírà ń já wálẹ̀. Òkè òkun ni èròjà ike ti ń wá; bí èròjà kò bá dé, ẹ̀rọ a dákẹ́, ìka ọ̀gá géètì a sì dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ mi nínú ilé iṣẹ́ náà, yálà orúkọ àbísọ tàbí Kútọnu. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan wà nínú ariwo ẹ̀rọ tí ẹni tí kò jẹ́ àjèjì rí kò lè gbọ́. Ènìyàn lè wà nínú rẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ó má rí ẹni tí yóò sọ fún un pé ó ń ṣe é dáadáa, tàbí pé kò ṣe é dáadáa.

Nígbà ọyẹ́ ni ìròyìn kàn wá pé wọ́n ti ra kọ̀ǹpútà sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kó ọjà jáde, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò máa tẹ̀ ẹ́. Ìdánwò yóò wáyé nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Kásúà pẹ̀lú lè ṣe é. Ẹni tí ó bá yege yóò di òṣìṣẹ́ gidi, yóò sì bọ́ lọ́wọ́ ìka ọ̀gá géètì. Wọ́n tún ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn yóò dá àwọn kásúà yòókù dúró. Ọ̀nà méjì péré ló wà níwájú mi nígbà náà: kí n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn, tàbí kí n padà sí Kétu pẹ̀lú ọwọ́ òfo.

Mo lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ kan ní Agége.

Ilé ẹ̀kọ́ náà wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ó kọjú sí ojú irin. Bí rélùwéè bá ń kọjá, gbogbo fèrèsé a máa gbọ̀n. Tíṣà wa kéré lọ́jọ́ orí sí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ilé ìfowópamọ́ kan tí ó ti kógbá wọlé ni ó ti ṣiṣẹ́ rí. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kan kí n tó débẹ̀, iná lọ, ó sì padà dé tìbínú-tìbínú, mẹ́ta nínú àpótí kọ̀ǹpútà náà sì jó nínú. Ojú wọn nìkan ló kù, èyí tí wọ́n ń pè ní mọ́nítọ̀. Wọ́n jókòó lórí tábìlì bí ẹni tí ara rẹ̀ le ṣùgbọ́n tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu. Ohun èlò tí Tíṣà ìbá fi tún wọn ṣe ti kọjá agbára rẹ̀.

Nítorí náà gbogbo wa ń kó ara jọ sídìí ẹyọ kan tí ó kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ fìlà.

Alhaji ni ó dàgbà jù nínú wa. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti pẹ́ nínú òwò màlúù ní odò ẹran Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran. Ó ní akọ̀wé òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò ẹran, òun kò sì fẹ́ kí ẹ̀rọ mọ ohun tí òun kò mọ̀ nínú òwò òun. Àgbà ni, nítorí náà àga iwájú jẹ́ tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbòòrò, fìlà rẹ̀ sì ga bí òrùlé. Ta ni yóò ní kí àgbà ṣí fìlà nítorí pé òun fẹ́ ríran?

Ràṣídì, tí ń fa wáyà iná sínú ilé káàkiri Agége, ni ó máa ń jókòó tì mí lẹ́yìn. Ní ìrọ̀lẹ́ kan ó fi ìgúnpá gún mi.

"Àǹtí Kútọnu, kí lẹ rí?"

"Fìlà."

"Èmi náà. Ó dà bíi pé fìlà yẹn ti gboyè nínú kọ̀ǹpútà báyìí. Àwa la kù."

Mo bo ẹnu mi kí ẹ̀rín má bàa sọ mí di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín fún Tíṣà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dín kù. Ó sọ fún wa pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé bí nǹkan bá rí báyìí títí oṣù yóò fi parí, òun yóò ti ilẹ̀kùn náà, nítorí pé òun kò lè máa pe ara òun ní olùkọ́ ẹni tí kò rí ohun tí òun ń kọ́ ọ. Bí ó bá ti ilẹ̀kùn, ìdánwò mi ti lọ nìyẹn.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí mo fẹ́ràn nípa ojú kan ṣoṣo yẹn. Bí ó bá kàn mí láti tẹ̀wé, ara mi ni ó máa ń bo ojú kọ̀ǹpútà, ẹnikẹ́ni kì í sì í rí ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe. Ọwọ́ mi kò gbọ́ràn. Lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àwọn Faransé, ààyè tí lẹ́tà A wà ni wọ́n fi Q sí ní Èkó. W àti Z gba ipò ara wọn. M sì ti ṣí kúrò níbi tí mo mọ̀ ọ́n sí. Bí mo bá rọra wò ó kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo máa ń gbà á. Ṣùgbọ́n bí mo bá yára, tí mo gbà pé iṣẹ́ mi ni èyí, ìka mi a sáré padà sí Àjàṣẹ́. Ìwé tí mo bá tẹ̀ a dà bí èdè tí a kò tíì dá. Mo máa ń pa á rẹ́ kíákíá, n ó sì padà sí ẹ̀yìn.

Ràṣídì ni ó kọ́kọ́ dá a lábàá.

"Tíṣà, àwọn mọ́nítọ̀ mẹ́ta yẹn, ṣé wọ́n ti kú ni?"

"Wọn ò kú. Àpótí wọn ló kú."

"Ẹ jẹ́ ká so gbogbo wọn mọ́ ọ̀kan tó kù yìí. Nílé tí mò ń gbé, ẹ̀ríàlì kan ṣoṣo ló wà lórí òrùlé, gbogbo yàrá ló sì ń fi wo tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni mo pín in."

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé irú ilé wa, níbi tí yàrá ti kọjú sí yàrá, mọ̀ pé òótọ́ ni. A ó bó wáyà ẹ̀ríàlì, a ó lọ́ ọ mọ́ òmíràn, a ó fi téèpù dúdú wé e, aládùúgbò yóò sì máa wo bọ́ọ̀lù. Ràṣídì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó bó wáyà mọ́nítọ̀, ó lọ́ ọ, ó wé e. Nígbà tí Tíṣà tan kọ̀ǹpútà, ojú méjì là, ṣùgbọ́n wọ́n ṣókùnkùn, òjìji sì wà lẹ́yìn gbogbo lẹ́tà. Nígbà tí wọ́n so ìkẹta mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn.

"Ó dà bíi pé wọ́n rì í sínú omi," Ràṣídì wí.

Tíṣà sáré pa á. "Àwòrán kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọbẹ̀ tí a lè bomi là kó lè kárí àlejò. Agbára ojú kan ni àpótí yìí ní. Bí mẹ́ta bá ń fà á mu, kò ní tó ẹnì kankan. Bí a bá sì jó ọ̀kan tó kù yìí, ó parí."

A túká láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bí ó ti rí: inú mi bàjẹ́, ara mi sì tún fúyẹ́ díẹ̀, nítorí pé ojú kan náà ni ó ṣì wà, mo sì lè máa bò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ náà mo lọ sí ilé tẹlifóònù ní Ìkẹjà láti bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Mo ti fi iṣẹ́ rán awakọ̀ kan sí i pé kí ó dúró dè mí ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Kétu. Akọ̀wé tí ó wà nídìí tẹlifóònù bi mí pé ibo ni.

"Kétu."

"Òkè òkun nìyẹn, Àǹtí. Ẹ lọ sí ìlà tọ̀hún."

Mo lọ tò sẹ́yìn àwọn tí ń pe Lọ́ńdọ̀nù. Mo ń ronú òkun náà, n kò rí i. Igbó igi tíìkì wà láàrin Kétu àti Èkó, oko ẹ̀gẹ́ wà, ibodè wà. Òkun ni kò sí. Nígbà tí ó kàn mí, ohùn ìyá mi dé bí ẹni tí ń kígbe láti orí àkìtàn. Ó gbà gbọ́ pé ohùn òun ni ó ń rìn wá, kì í ṣe wáyà.

"Ṣé o ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Ìyá."

"Ṣé ẹnìkan ń pè ọ́ padà níbẹ̀?"

"Iṣẹ́ ń lọ dáadáa, Ìyá."

"Kì í ṣe iṣẹ́ ni mo bèèrè."

Wáyà já. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn mi wú ikọ́, mo sì gbé tẹlifóònù kalẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí kíláàsì, Alhaji ti jókòó. Kí Tíṣà tó bẹ̀rẹ̀, Alhaji yí àga rẹ̀ padà, ó kọjú sí wa.

"Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ nípa fìlà mi."

Ràṣídì wo bàtà rẹ̀.

"Orí ni fìlà mi dé, kò dé etí. Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ gbà kí ilé ẹ̀kọ́ kú ju kí ẹ sọ fún mi pé n kò jẹ́ kí ẹ ríran." Ó na ọwọ́ sábẹ́ àga, ó mú ohun kan tí wọ́n wé nínú ọ̀rá jáde, bí ìgbà tí wọ́n bá wé ẹ̀dọ̀ màlúù fún oníbàárà pàtàkì. "Tíṣà, ẹ wò ó. Ẹnìkan wà ní Ìkẹjà tó ń ta ẹ̀rọ tòkunbọ̀. Ọwọ́ mi ló ti ń ra ẹran. Mo ṣàlàyé ìyà tó ń jẹ yín fún un, ó ní èyí lẹ ń wá."

Àpótí irin kékeré ni. Ẹnu kan ni ó fi ń gba àwòrán láti inú kọ̀ǹpútà. Ẹnu mẹ́rin ni ó fi ń pín in jáde. Tíṣà gbé e lọ́wọ́, ó yí i, ojú rẹ̀ sì tàn.

"Ìyàtọ̀ nìyí sí ti Ràṣídì," ó wí. "Èyí ní iná tirẹ̀. Bí ó bá gba àwòrán, yóò kọ́kọ́ fún un lágbára kó tó pín in. Kò ní bomi là á."

"Ẹ má bínú, Tíṣà," Ràṣídì wí. "Tèmi náà pín in."

"O pín in. Ẹnikẹ́ni ò yó ni."

Ètò iṣẹ́ náà wù mí, mo sì fi sọ́kàn títí di òní. Tíṣà ní kí a kọ́kọ́ pa gbogbo nǹkan, nítorí pé a kì í so wáyà mọ́ ẹ̀rọ tí iná ń bẹ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wáyà kan láti kọ̀ǹpútà lọ sí ẹnu tí àpótí fi ń gbà, kí a tó so mọ́nítọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹnu tí ó fi ń fúnni. Ìdè kékeré méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ orí wáyà, a gbọ́dọ̀ lọ́ àwọn méjèèjì kí wọ́n le. Ràṣídì gbàgbé ọ̀kan, mọ́nítọ̀ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sì yọ ní àwọ̀ òféèfèé bí ewé tí ń rọ. Nígbà tí ó lọ́ ọ tán, àwọ̀ rẹ̀ padà. Àpótí ni a kọ́kọ́ tan, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn ojú, kọ̀ǹpútà ni a fi kẹ́yìn. Ràṣídì kan wáyà mọ́ ara ògiri dáadáa kí ẹnikẹ́ni má bàa kọ lù ú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. A yìn ín.

Gbogbo ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin là lẹ́ẹ̀kan náà. A pàtẹ́wọ́. Alhaji fa èyí tí ó wà níwájú rẹ̀ mọ́ra.

"Ó dáa. Èmi yóò máa kọ tèmi níbí."

"Alhaji, ẹ má bínú," Tíṣà wí. "Ojú mẹ́rin ni, ọpọlọ kan ni. Ohun tí a bá tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù yìí ni gbogbo wọn máa fi hàn. A ò ní kọ̀ǹpútà mẹ́rin."

"Ṣé gbogbo ayé ni yóò máa wo ohun tí mo bá kọ?"

"Gbogbo kíláàsì ni, Alhaji."

Àgbà náà lọ jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Oko Ọba. Ìka rẹ̀ wúwo. Ó tẹ O, kò sì gbé ìka kúrò. O kún ìlà kan, ó kún ìlà kejì, ó ń ya wálẹ̀ lójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ìyẹ̀fun tí àpò rẹ̀ lu. Gbogbo wa rí i. Tíṣà wú ikọ́. Ràṣídì ń ka igi àjà. Rélùwéè kọjá, fèrèsé gbọ̀n, O ṣì ń ya.

Alhaji gbé ọwọ́ kúrò, ó wo ẹ̀yìn.

"Ṣé ẹ ò rí i ni?"

Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ rí i. Ẹ̀rù mi ló ń bà yín. Ẹ gbọ́ o. Ní odò ẹran, bí mo bá ń bó màlúù, tí ọ̀bẹ mi fẹ́ gún awọ, ẹnikẹ́ni tó bá rí i, ì báà jẹ́ ẹni tó ń gbálẹ̀, yóò pariwo pé 'Awọ o!' Kò pe orúkọ mi, kò bú mi. Awọ ló pè. Awọ tó bá ti lu kò ṣeé tà. Ẹni tó bá rí i tó sì dákẹ́ nítorí pé àgbà ni mí, òun ni mo máa ń bá jà. Ẹ bá mi pariwo."

Ó tún tẹ̀ ẹ́. O tún bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

"Awọ o!" Ràṣídì ni ó kọ́kọ́ wí i, ohùn rẹ̀ kéré.

"N kò gbọ́!"

"Awọ o!" Gbogbo kíláàsì ni, títí kan Tíṣà. Alhaji gbé ìka, ó sì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ọ̀nà wa di pé kí ẹnì kan tẹ̀wé, kí àwọn yòókù máa wò ó lójú mẹ́rin, kí wọ́n sì pariwo bí ọ̀bẹ bá fẹ́ gún awọ.

Nígbà tí ó kàn mí, n kò rí ibi tí mo lè fara pamọ́ sí. Ara ènìyàn kan kò lè bo ojú mẹ́rin. Tíṣà ní kí n tẹ, "Mo wà ní Agége." Mo yára, ìka mi sì sáré lọ sílé. Ohun tí ó yọ fún gbogbo ènìyàn ni àmì kan tí kì í ṣe lẹ́tà, Z, àti Q lẹ́yìn Q.

"Awọ o! Awọ o! Háà, gbogbo awọ ti lu!" Ràṣídì wí. "Àǹtí Kútọnu, èdè wo nìyí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo kúrò ní ìdí rẹ̀, ojú mi gbóná. Alhaji gbé ọwọ́ sókè, ẹ̀rín sì lọ sílẹ̀.

"Ìka rẹ yára ju tiwa lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kì í yára bẹ́ẹ̀. Níbo lo ti kọ́ ọ?"

Mo sọ fún wọn: ẹ̀rọ Àjàṣẹ́, ipò A àti Q, gbogbo ọdún tí mo fi ṣe é. Wọ́n gbọ́ mi láìdá mi dúró. N kò tíì sọ̀rọ̀ gígùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo dé Èkó.

"Ó yé mi," Alhaji wí. "Ìwọ ti dé, ọwọ́ rẹ ṣì wà lọ́nà. Padà jókòó. A ó máa pè é títí yóò fi dé."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é, ní ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́. Bí Q bá ti yọ, ariwo a sọ. Lákọ̀ọ́kọ́, ariwo náà ń gún mi. Nígbà tí ó ṣe, ó di ohun tí mo gbójú lé, bí ìgbà tí ènìyàn ń rìn nínú òkùnkùn tí ó mọ̀ pé ẹnìkan ń ṣọ́ kòtò fún òun. Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe àṣìṣe ni ó ń ba àjèjì lọ́kàn jẹ́ jù. Èyí tí ó burú ni kí ó ṣìṣe níbi tí kò sí ẹni tí ó kàn.

Òjò bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìdánwò sì pé. Nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kó ọjà jáde ní Oregun, mo rí kọ̀ǹpútà náà, mo sì rí àpótí irin kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Wáyà kan jáde lára rẹ̀, ó gba inú ihò ògiri lọ sókè.

"Ohun tí ẹ bá tẹ̀ níbí," ẹni tí ń darí ìdánwò wí fún wa, "ọ̀gá àgbà ń rí i lójú kejì tó wà lórí tábìlì wọn lókè. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan."

Ojú àwọn tí a jọ wá yí padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣáájú mi yára jù mí lọ. Mo gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ bí òjò lórí páànù. Ó ṣìṣe kan ṣoṣo, ó wo òkè àjà, kò sì tẹ lẹ́tà kankan mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi. Kò sí ẹni tí ó tíì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣìṣe lójú ènìyàn.

Nígbà tí ó kàn mí, iye korobá tí ń lọ sí Ìlúpéjú ni wọ́n ní kí n kọ, lẹ́yìn rẹ̀ ti Agége. Mo ṣe ti Ìlúpéjú láìní wàhálà. Nígbà tí mo dé Agége, ọkàn mi balẹ̀ jù, ìka ọmọńdinrín ọwọ́ òsì mi sì fò lọ sí Àjàṣẹ́. Q yọ. Lókè àti nísàlẹ̀, Q ni. Mo gbọ́ ọ létí mi bí ẹni pé gbogbo wọn wà nínú yàrá náà: Awọ o! Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Mo pa Q rẹ́, mo fi A sípò, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Lẹ́yìn náà ọ̀gá àgbà sọ̀ kalẹ̀.

"Ta ló rẹ́rìn-ín? Mo gbọ́ ọ lókè."

"Èmi ni, sà."

"Mo rí àṣìṣe yín."

"Èmi náà rí i, sà."

Ó wò mí díẹ̀. "Àwọn tó kù ṣìṣe, wọ́n dúró. Ẹ̀yin ṣìṣe, ẹ tún un ṣe, ẹ lọ síwájú. Ẹ wá lọ́jọ́ Ajé. Kí lorúkọ yín?"

Mo sọ orúkọ mi fún un, odidi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó pè é, ó sì pè é dáadáa.

Nígbà tí mo ti jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo rí i pé ẹnu méjì ṣófo lára àpótí náà. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n so mọ́nítọ̀ kan sí ojú fèrèsé níbi tí àwọn tí ń di ẹrù sínú ọkọ̀ ti lè wò ó. Wọ́n gbà. Mo sì sọ ìtàn odò ẹran fún àwọn tí ń di ẹrù náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo kọ ẹrù Ìkẹjà sí Ìlúpéjú, ọ̀kan nínú wọn sì yọrí lójú fèrèsé, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀: "Àǹtí Kútọnu, awọ o!" Mo tún un ṣe kí ọkọ̀ tó gbéra. Inú mi dùn títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Mo sọ fún ìyá mi lórí tẹlifóònù.

"Ìyá, wọ́n ń pè mí padà."

"Kí ni wọ́n ń wí?"

"Wọ́n ń wí pé, 'Awọ o!'"

"Awọ kẹ̀? Awọ màlúù?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àgbà odò ẹran, fìlà, ojú mẹ́rin. Ó rẹ́rìn-ín títí wáyà fi já.

Ìgbà tí mo tún pè é, ọdún ti ń sún mọ́lé. Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un, bí ó ti jẹ́ ìwà mi, pé iṣẹ́ máa ń pọ̀ ní àkókò ọdún, pé àwọn ènìyàn mi wà níbí báyìí, pé bóyá n kò ní lè wálé lọ́dún yìí, tàbí èyí tí ó ń bọ̀. Mo rò pé wáyà ti já. Lójijì ni ohùn rẹ̀ dé, ó le, ó kọjá oko ẹ̀gẹ́, ó kọjá ibodè, akọ̀wé tẹlifóònù pàápàá gbọ́ ọ níbi tí ó jókòó:

"Awọ o!"

Mo dúró. Mo rí ibi tí ọ̀bẹ mi ń lọ.

"Mo ti gbọ́, Ìyá," mo wí. Ní àìsùn ọdún, mo ti wà nínú ọkọ̀ Kétu.